Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kí ẹ tó wá òṣùmàrè

Bí òjò bá ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn, gbogbo ọmọdé Èkó ló mọ̀ pé kìnnìún ń bímọ nìyẹn. Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọjú sí ibi tí oòrùn wà, wọ́n á wòkè títí, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ wo òjìji orí yín nílẹ̀: ibẹ̀ ni àárín gbùngbùn òṣùmàrè wà. Ẹ na ọwọ́ gbọọrọ, kí ẹ ya ìka. Láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 20. Ẹ wọn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti orí òjìji yẹn lọ sókè, ẹ ti débẹ̀. Nǹkan bí dígírì 42 ni pupa tó wà lóde, nǹkan bí 40 sì ni elésè àlùkò tó wà nínú.

Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yọ lọ́sàn-án gangan. Tí oòrùn bá ti ga ju dígírì 42 lọ, òṣùmàrè ti wọ abẹ́ ilẹ̀ fún ẹni tó dúró sílẹ̀. L'Ékòó níbí, oòrùn máa ń gun òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ tààrà, nítorí náà àyè wa kò pọ̀: láti ìgbà tó bá yọ títí di nǹkan bí aago 9:30 àárọ̀, àti láti nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ títí tó fi máa wọ̀. Láàrin oṣù kẹwàá, ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, orí òṣùmàrè kò ní ga ju ìkúùkù méjì lọ tí ẹ bá na apá. Etí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó l'Ákọkà dára fún ìrọ̀lẹ́, torí ìlà-oòrùn ni ibẹ̀ kọjú sí, kò sí ilé tó máa dí yín lójú. Fún àárọ̀, ẹ lọ sí Marina, kí ẹ máa wo ọ̀nà Àpápá. Ẹni tó ń wakọ̀ lórí Third Mainland, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró; kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá yín wò ó.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo. Kò rí bí omijé tí wọ́n máa ń yà sínú ìwé, róbótó ni. Ìtànṣán oòrùn wọ inú rẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, ó lọ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù já síta níbẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ta padà bíi pé dígí ló bá pàdé, ó sì tún tẹ̀ bó ṣe ń jáde. Elésè àlùkò máa ń tẹ̀ ju pupa lọ, ohun tó ya àwọ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kán kan kì í fún yín ní gbogbo àwọ̀: èyí tó wà lókè ń fi pupa ránṣẹ́ sójú yín, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń fi elésè àlùkò ránṣẹ́. Ẹni tó dúró tì yín ń gba tirẹ̀ lára ẹ̀kán mìíràn, òṣùmàrè tiyín kọ́ ló ń wò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ta padà lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀kán, òmíràn á yọ lókè ti àkọ́kọ́, ní nǹkan bí dígírì 51, àwọ̀ rẹ̀ á dorí kodò.

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú àlàyé báyìí tako ẹ̀sìn, àwọn tó tú àdììtú yìí kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1300 sí 1310, Kamal al-Din al-Farisi, Mùsùlùmí ní Páṣíà, àti Theodoric ará Freiberg, àlùfáà Kátólíìkì ní Jámánì, ṣe ohun kan náà láìmọ ara wọn: wọ́n rọ omi kún gíláàsì róbótó kó dúró fún ẹ̀kán òjò, wọ́n sì tọpa ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 1637 ni Descartes, onímọ̀ ará Faransé, gbé ìṣirò dígírì 42 jáde. Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀ kọ́kọ́ ka àwọ̀ 5, ó wá fi àwọ̀ ọsàn àti aró kún un kó lè pé 7 bí ohùn orin. Kò sí ààlà kankan láàrin wọn lójú ọ̀run.

Nínú Jẹ́nẹ́sísì 9:13, níbi tí Ọlọ́run ti fi òṣùmàrè ṣe àmì májẹ̀mú fún Nóà, ọ̀rọ̀ Hébérù tó dúró fún òṣùmàrè ni wọ́n tún fi ń pe ọrun tí jagunjagun fi ń ta ọfà. Àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther ṣáájú wọn, kò kọ ọrun; òṣùmàrè ni wọ́n kọ, orúkọ tí òrìṣà ń jẹ́. Lójú tèmi, wọ́n ṣe é re. Ká ní ọrun ni, láìsí àmì ohùn, ẹlòmíì ì bá kà á sí ọ̀run. Májẹ̀mú ibẹ̀ sì dá lórí ìkún omi tó pa gbogbo ẹ̀dá run, kò sọ pé àgbàrá ò ní wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ fi gọ́tà sílẹ̀ láìkó. Al-Kùránì sọ ìtàn Ànábì Nuhu, kò dárúkọ òṣùmàrè.

Àwọn àgbà ní ejò ere ńlá ni òṣùmàrè, tó ń ti inú ilẹ̀ jáde wá mu omi lójú ọ̀run, ẹni tó bá sì rí ìmí rẹ̀ he kò ní ráhùn owó mọ́. Àwọn Fọ̀n, ará orílẹ̀-èdè Benin, pe tiwọn ní Dàn, ejò tó ká yí ayé po, tó fi ẹnu gbá ìrù ara rẹ̀ mú. Èyí wú mi lórí gidigidi, torí pé òbírí odindi ni òṣùmàrè ní tòótọ́. Ilẹ̀ ló gé ìyókù mọ́ wa lójú.

Ẹ lè rí èyí tó pọ̀ sí i nílé. Ẹ mú ike tí àwọn onídìrí fi ń fọ́n omi sírun, ẹ gun bàkónì lọ́sàn-án, ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ fọ́n ọn sísàlẹ̀. Tí kò bá yọ, ẹ wò ó bóyá ògiri funfun ló wà níwájú yín. Géètì dúdú tàbí ewé ló ń gbé àwọ̀ jáde. Tó bá yọ ṣùgbọ́n tó funfun, omi yín ti kúná jù: ẹ̀kán tí kò tó ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan kì í ya àwọ̀ dáadáa. Ẹ yọ awò oòrùn tó ní polaroid kúrò lójú, ó lè pa á rẹ́ pátápátá.

Ibi tó ti yọ tún ní ohun tó ń sọ. Òjò oníjì oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, àti ti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń ti wá, á forí lé ìwọ̀-oòrùn. Ti oṣù kẹfà tó máa ń rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ yàtọ̀, oòrùn kì í tilẹ̀ ráyè yọjú. Àwọn Òyìnbó ní òṣùmàrè àárọ̀ ló ń kìlọ̀ òjò, torí ìwọ̀-oòrùn ni òjò tiwọn ti ń wá. Ẹ má fi ìyẹn ṣiṣẹ́ níbí. Tiwa, tó bá yọ láàárọ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn, òjò ti kọjá lọ. Tó bá yọ nírọ̀lẹ́ lápá ìlà-oòrùn, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa bọ̀. Ẹ ká aṣọ wọlé.