Ẹ Béèrè Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Ka Kìlómítà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀. Ọmọ Èkìtì ti kàwé débi pé kò sí igun ayé tí a ò lè bá nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ wa. Bí màmá kan bá ti Ìkẹ́rẹ́ wá bi yín bí ibi tí ọmọ wọn ń gbé ní àríwá Kánádà ṣe jìnnà tó, ẹ má kàn ka nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà fún wọn.

Ìlà tààrà ni nọ́ńbà yẹn. Láti Ottawa, olú-ìlú Kánádà, sí Iqaluit, ìlú kan ní àríwá rẹ̀, ó tó nǹkan bíi 2,090 kìlómítà. Bàálù ńlá ń sá bíi 800 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ẹ bá sì pín in, ẹ ó rí wákàtí méjì ààbọ̀ àti díẹ̀. Bíi wákàtí 3 ni wọ́n ń lò. Ìyókù wà nínú ìrìn ilẹ̀ kí bàálù tó gbéra, nínú gígòkè, àti nínú rírọra sọ̀kalẹ̀. Ìdajì wákàtí ni mo máa ń fi kún ìṣirò mi.

Ẹ wo ti ilé wa. Láti Èkó sí Àkúrẹ́ lójú òfurufú, bíi 230 kìlómítà ni. Ìṣirò á ní kò yẹ kó tó 20 ìṣẹ́jú, àmọ́ ó máa ń tó bíi 45, torí ìrìn kúkúrú ni gbígbéra àti bíbalẹ̀ ń jẹ jù. Ẹni tó ń bọ̀ ní Adó á ṣì gba Ìta-Ògbólú, Ìjù àti Ìkẹ́rẹ́ kọjá, bíi 50 kìlómítà, ọkọ̀ sì lè pẹ́ lójú títì ju bí bàálù ṣe pẹ́ lókè lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù nìyí. Ní Nunavut, agbègbè ńlá ní àríwá Kánádà tí Iqaluit ti jẹ́ olú-ìlú, ìlú 25 ló wà, kò sì sí títì tó so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Lọ́dọ̀ wa, òkè Ẹ̀fọ̀n le o, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá bàjẹ́ ní Arámọkọ, ẹ ó wọ òmíràn tàbí kí ẹ gun ọ̀kadà. Níbẹ̀, bí bàálù ò bá fò, ẹ jókòó nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ò lè kó ẹrù wọ̀ ọ́ àfi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà tí yìnyín orí òkun bá yọ́. Ẹ gba Pangnirtung, ọ̀kan nínú àwọn ìlú Nunavut, yẹ̀ wò: bíi 300 kìlómítà sí Iqaluit, nǹkan bíi wákàtí kan nínú bàálù kékeré tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò. Pápákọ̀ rẹ̀ wà láàárín ìlú gan-an, òkè sì yí ibẹ̀ ká. Bí atẹ́gùn bá le tàbí kùrukùru bá bo ilẹ̀, bàálù lè dé orí ìlú kó tún padà sí Iqaluit.

Nítorí náà, mi ò kì í so tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí kò sí lórí ìwé kan náà pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Bí àkọ́kọ́ bá pẹ́, owó èkejì ti wọlẹ̀, owó tí màmá yẹn sì fi ọdún pa mọ́ ni. Ẹ fi alẹ́ kan sílẹ̀ ní Ottawa, òmíràn ní Iqaluit bí àyè bá wà. Wọn á fẹ́ kó èlùbọ́ àti gààrí lọ fún ọmọ wọn. Ẹ béèrè ìwọ̀n ẹrù tí bàálù kékeré ń gbà kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ wọn.