Aṣọ àwọn ọmọ fún ọkọ̀ ojú omi ìlú olójò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Southampton, ní Ìlú Ọba, ní kí n kó àwọn ọmọ wá ní ọlidé, pé a ó jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lọ sí Nọ́wè, gbogbo ilé ló ń pariwo kóòtù. Ìyá ọkọ mi tilẹ̀ gbé òfì jáde látinú àpótí, ó ní kí n máa fi wé àbígbẹ̀yìn. Mo gbà á, mo sì dúpẹ́. Ẹ ó gbọ́ ibi tó ti wúlò. Kóòtù ńlá, mi ò ra ọ̀kan. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù ni mo tẹ̀ lé: "Aṣọ tí omi ò lè wọ̀ àti aṣọ tó ń yára gbẹ. Èyí tó kù, fi sílẹ̀ ní Ìlọrin."

Òtútù tí àwa mọ̀, ti ọyẹ́ ni. Ètè á bó, ẹsẹ̀ á sán, ọmọ á máa gbọ̀n lọ sí ilé kéwú láàárọ̀, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, á ti bọ́ suwẹ́tà kọ́ èjìká. Òtútù gbígbẹ ni. Ní Bergen, ìlú etíkun kan ní Nọ́wè, nínú oṣù July tó jẹ́ ìgbà ooru tiwọn, òtútù ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti òwúrọ̀ ọyẹ́ wa lọ. Òjò ló ba nǹkan jẹ́. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní 2,000 mìlímítà, ti Ìlọrin ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju 1,200 lọ. Tiwa á rọ̀ wàá, á dá, ilẹ̀ á fà á mu. Tiwọn lè máa ṣẹ́ wínníwínní láti àárọ̀ dalẹ́, kí afẹ́fẹ́ òkun sì máa gbá a sọ́rùn ọmọ. Omi sì ń fa ooru kúrò lára ènìyàn ní ìlọ́po tó lé ní 20 ju bí afẹ́fẹ́ lásán ṣe ń fà á lọ. Ọmọ tó wọ kóòtù tó nípọn, tí kóòtù ọ̀hún ti rin, òtútù á mú un gan-an.

Ẹ̀tàn tó wà nínú òwú nìyẹn. Ṣìngílẹ́ẹ̀tì, jíǹsì, ankara, títí kan òfì Ìyá, òwú ni púpọ̀ nínú wọn, òwú á sì mu omi, kò ní fẹ́ gbé e sílẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun lè fa omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ kí ọmọ tó mọ̀ pé nǹkan tutù, á ṣì máa mú un móoru. Èyí múlọ́múlọ́ tí wọ́n ń pè ní fleece, tí wọ́n sábà máa ń fi polyester ṣe, kì í mu omi púpọ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fà á kọ́, á gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, aṣọ tó fẹ́lẹ́ tó sì mọ́ ọmọ lára, tí kì í ṣe òwú, ni kó wà nísàlẹ̀, fleece ní àárín, réènkóòtù lókè. Bí oòrùn bá yọ, ẹ bọ́ ọ̀kan. Bí òjò bá dé, ẹ dá a padà.

Òkìríkà ni mo ti rà wọ́n. Ìlú olótùútù ni púpọ̀ nínú àwọn aṣọ wọ̀nyẹn ti ń bọ̀, nítorí náà fleece ọmọdé àti ṣòkòtò òjò máa ń wà lábẹ́ òkìtì tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n, torí a ò mọ ohun tá a fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ẹ ka àkọlé kékeré tó wà lọ́rùn aṣọ: bó bá jẹ́ cotton, ẹ jù ú sílẹ̀, wool tàbí polyester ni kẹ́ ẹ mú. Ti réènkóòtù ní ìdánwò tirẹ̀. Mo ra píọ̀ wọ́tà kan, mo fi eyín já a, mo sì dà á sí èjìká aṣọ náà níbi tí wọ́n ti gán an pọ̀. Omi tó bá ṣùjọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó sì yọ́ lọ, aṣọ dáadáa nìyẹn. Bó bá ń tàn kálẹ̀, tí ojú aṣọ ń dúdú sí i, ẹ fi sílẹ̀. Ìyá tó ń tajà ń wò mí. "Àlájà, ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́?" Mo rà á, mo sì ní kó yọ owó píọ̀ wọ́tà mi kúrò níbẹ̀.

Ẹ mú réènkóòtù tó tóbi ju ọmọ lọ díẹ̀, kó lè gba aṣọ méjì nísàlẹ̀, kó sì ní fìlà lẹ́yìn ọrùn. Ẹ má fi ṣòkòtò òjò ṣeré rárá. Àgbàlagbà lè rìn nínú òjò kí ìdí rẹ̀ gbẹ; ọmọ ọdún mẹ́ta á jókòó sórí gbogbo ohun tó bá rí. Ní Bergen, mo rí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n wọ aṣọ rọ́bà láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan jókòó sínú ọ̀gbàrá, ó ń fi ọwọ́ bu omi lé itan ara rẹ̀. Olùkọ́ wọn dúró tì í, kò sọ nǹkan kan. Tèmi ti ń fa ọwọ́ mi kí n jẹ́ kí òun náà lọ jókòó. Mo jẹ́ kó lọ.

Ìbọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó púpọ̀, ju gbogbo aṣọ yòókù lọ. Réènbúùtù kan tó fún ọmọ kan. Ìbọ̀wọ́, méjì méjì, torí ọ̀kan á sọ nù. Agbòjò, ẹ fi sílé. Afẹ́fẹ́ orí ọkọ̀ á yí i sódì, ọmọ tó bá sì di agbòjò mú kò ní lè di ọwọ́ yín mú. Ẹ̀yin tí ọmọbìnrin yín ń wọ híjáàbù, ẹ mú èyí tó fẹ́lẹ́, kì í ṣe òwú, kẹ́ ẹ sì kó o púpọ̀, torí èyí tó rin á mú ọrùn tutù, kò sì dára lábẹ́ fìlà réènkóòtù.

Ní èbúté, wọ́n máa ń gba àpótí lọ́wọ́ yín, ó sì lè pẹ́ gan-an kó tó dé yàrá. Aṣọ ìpààrọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́. Yàrá ọkọ̀ kéré, àmọ́ irin ni ara ògiri rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: ẹ ra ìkọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ fi réènkóòtù tútù kọ́ ọ. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù dání, wọ́n á gbà á nítorí iná. Inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ móoru, aṣọ ilé lásán ni àwọn ọmọ ń wọ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá ṣì ń lo pámpáàsì, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ra aṣọ ìwẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí irú wọn wọ odò ìwẹ̀.

Alẹ́ tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn múra dáadáa wá jẹun ni òfì Ìyá jáde. Mo ti fún télọ̀ ní Ìlọrin, ó fi rán bùbá àti fìlà fún àbígbẹ̀yìn. Àwọn ìyá arúgbó òyìnbó ń dá wa dúró lọ́nà oúnjẹ láti fọwọ́ kàn án.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a wọ Geiranger, ibì kan láàárín òkè ní Nọ́wè tí omi ń já bọ́ láti orí àpáta lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ ṣì wà nínú aṣọ oorun. Mi ò bọ́ ọ. Fleece lé e, réènkóòtù lé fleece, réènbúùtù sẹ́sẹ̀, a ti dé òkè ọkọ̀ kí àwọn yòókù tó rí bàtà wọn. Bí òjò ò bá tiẹ̀ rọ̀, ìrìn ọkọ̀ nìkan tó láti dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣètò físà Schengen àwọn ọmọ, èyí tí Nọ́wè àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kẹ́ ẹ tó ra ìbọ̀sẹ̀ kankan, torí ti Ìlú Ọba kò tó láti sọ̀ kalẹ̀ ní Nọ́wè. Kẹ́ ẹ sì fi ankara kọ̀ọ̀kan sínú báàgì ọwọ́ fún ọjọ́ àbọ̀: ooru Èkó ò ní dúró kẹ́ ẹ bọ́ fleece, ọ̀nà Ìlọrin sì jìn.