Tábìlì Bàbá Àgbà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Bàjẹ́

"Tábìlì ta nìyí?" Ohun tí màmá mi sọ nìyẹn nígbà tó wọ pálọ̀ mi. Tábìlì bàbá tó bí i ni. Ìdí rẹ̀ ló ti kọ́ ABD, ìdí rẹ̀ náà ló ti jẹ ìgbájú lọ́jọ́ tó da tàdáwà sí i. Àmì tàdáwà yẹn wà róbótó lórí igi náà títí ó fi dàgbà, tó lọ sílé ọkọ, tó bí wa. Òun ló ń fi ojú wá tó fi béèrè.

Èmi ni mo fà á. Nígbà tí mo gbé tábìlì náà kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Ìbàdàn, ojú ń tì mí pé ó gbó. Mo ní kí káfíńtà kan sọ ọ́ di tuntun, ó sì ṣe bí mo ṣe wí. Ó fi ẹ̀rọ ha orí rẹ̀ títí ìrókò tó ti dúdú bí obì gbígbẹ fi padà pọ́n bí ẹ̀bà olépo, ó wá da fánísì lé e. Ó yọ ọwọ́ idẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lára dúrọ́ọ̀, ó fi tuntun tó ń kọ mànà sí i. Nígbà tí mo béèrè àtijọ́, àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra àlòkù irin ti gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí irú ẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má tíì pe káfíńtà. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ rin aṣọ, kí ẹ fún un dáadáa, kí ẹ nù ún. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí lásán lẹ ń pè ní ogbó. Bó bá gbẹ, ẹ fi ìda oyin pa á lára, kí ẹ fi aṣọ gbo ó. Bí dúrọ́ọ̀ bá ń há lásìkò òjò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá a: omi ló mú igi wú. Ẹni tó bá fá a ní oṣù keje, tó bá di ìgbà ọyẹ́, á máa já bọ́ fúnra rẹ̀. Àbẹ́là ni kí ẹ fi ra etí rẹ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Ìrókò kì í tètè jẹ, àmọ́ igi yẹpẹrẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ibi tí ojú ò tó. Ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun bí èlùbọ́ láàárọ̀, kòkòrò ń bẹ nínú rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ sírínjì fa oògùn kòkòrò igi sínú ihò kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e wọlé.

Ti idẹ, mo ti gbọ́n díẹ̀ kí n tó kan bẹ́ẹ̀dì ìyá bàbá mi, onírin tó ní orí idẹ mẹ́rin bí ọsàn. Òòfà ni mo kọ́kọ́ gbé sí i. Ó lẹ̀ mọ́ òpó, kò lẹ̀ mọ́ orí: idẹ gidi ni. Ti ọwọ́ tuntun tó wà lára dúrọ́ọ̀ mi ńkọ́? Ó lẹ̀ mọ́ ọn gbàgbà. Irin tí wọ́n fi idẹ bò ni, kànrìnkàn onírin á sì ṣí i kúrò lára rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ tó fún idẹ gidi. Ẹ ṣáà fi omi ṣàn án, kí ẹ nù ún gbẹ kíákíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á hu àwọ̀ ewé. Ọ̀ṣun, yèyé afídẹrẹmọ, ò kúkú fẹ́ idẹ tó dọ̀tí.

Nínú yàrá, ohun àtijọ́ kan tàbí méjì tó. Bó bá pọ̀ jù, ilé á dà bí ṣọ́ọ̀bù alálòkù. Ògiri funfun ni mo gbé tábìlì sí, níbi tí oòrùn ọ̀sán ò dé, tí ẹ̀rọ amúlétutù ò fẹ́ sí i. Mo kọ̀ kí wọ́n dá ihò sí i fún wáyà kọ̀ǹpútà.

Mo ṣì ń wá ọwọ́ idẹ tó jọ ti bàbá àgbà nínú ọjà àlòkù. Mo ti rí méjì. Ó ku mẹ́rin.