Ìwé Tí Kò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni: Ìwà Ìgboro fún Àlejò Tó Ń Gbé ní Jàpáánì

Lọ́jọ́ kan, ẹ ó ṣí àpótí lẹ́tà yín nísàlẹ̀ ilé, ẹ ó sì bá ìwé pélébé kan níbẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́ta mẹ́rin lọ: pé láìpẹ́ yìí, àwọn kan fi ẹjọ́ ariwo sùn, nítorí náà kí gbogbo ará ilé jọ̀ọ́ rọra máa ṣe lálẹ́. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Irú rẹ̀ kan náà wà nínú àpótí gbogbo ayálégbé, wọ́n sì ti lẹ òmíràn mọ́ pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ àlejò á kà á, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, wọ́n á sì gbé e sọnù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tan ẹ̀rọ ìfọṣọ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ní Jàpáánì, ẹni tí ẹ ṣẹ̀ kì í sábà wá kan ilẹ̀kùn yín. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ilé, tí wọ́n ń pè ní kanri-gaisha, ló máa lọ sọ fún, ilé iṣẹ́ náà á wá kọ̀wé sí gbogbo ilé kí ojú má bàa ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá fi lè pè yín lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ léraléra: meiwaku, ìyẹn ìnira tí ìṣe ẹnì kan ń kó bá ẹlòmíràn. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń jẹ́ meiwaku ti mọ ìdajì ìwà ìgboro ibẹ̀. Ìdajì yòókù ni kó mọ̀ pé wọn ò ní sọ fún òun.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún àlejò láti forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́yìn tó bá kó wọ ilé. Ẹ béèrè kàlẹ́ńdà pàǹtírí, èyí tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó irú ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan, níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ní ẹ̀dà tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ lọ kí àwọn aládùúgbò. Àṣà àtijọ́ ni pé kí wọ́n kí ilé mẹ́ta tó kọjú sí tẹni àti méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì. Nínú ilé alájà, ará ọ̀tún, ará òsì, ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ ti tó. Ẹ̀bùn kékeré ni wọ́n ń mú dání, bíi tówẹ́ẹ̀lì pélébé tàbí bisikíìtì tí owó rẹ̀ wà láàárín 500 sí 1,000 yen, tí wọ́n fi bébà wé dáadáa. Ẹ má rà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀bùn ńlá ń di gbèsè lọ́rùn ẹni tó gbà á. Yóò máa wá bó ṣe máa san án padà. Ẹ dárúkọ, ẹ sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ẹ tẹrí ba, ẹ máa lọ. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan. Ẹ má lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ má sì lọ lẹ́yìn tílẹ̀ bá ti ṣú. Obìnrin tó ń dá gbé lè fo ìkíni yìí nítorí ààbò, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i. Ṣùgbọ́n fún àwọn yòókù, ó lérè: ariwo ẹni tí a mọ ojú rẹ̀ kì í ro ni létí tó ariwo ẹni tí a ò mọ̀ rí.

Ariwo náà kò sì ní láti pọ̀. Ògiri àwọn ilé onípákó fẹ́lẹ́. Àga tí wọ́n wọ́ nílẹ̀, gìgísẹ̀ tó ń lu pákó, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì gbàà, gbogbo rẹ̀ ló ń dé ìsàlẹ̀. Ẹ lẹ aṣọ tó nípọn mọ́ ẹsẹ̀ àga, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì, ẹ má sì tan ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí ẹ̀rọ tó ń fa eruku lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Pàǹtírí ló wá lágbára jù. Ìsọ̀rí mẹ́rin ló wọ́pọ̀: èyí tó ń jóná, moeru gomi, èyí tí kò ṣeé jó, moenai gomi, èyí tí wọ́n á tún lò, shigen, àti ẹrù ńlá, sodai gomi. Ohun tó ń da àlejò láàmú ni pé ìlú kan kì í ṣe bíi ti èkejì. Ní àwọn àdúgbò 23 tó wà láàárín gbùngbùn Tokyo, ọ̀rá tí ojú lè rí inú rẹ̀ ti tó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ ra ọ̀rá tí ìjọba ìlú náà fọwọ́ sí. Ẹ fi òmíràn dì í, wọn ò ní gbé e. Kamikatsu ní ìpínlẹ̀ Tokushima, tó kéde ní 2003 pé àwọn fẹ́ fòpin sí dída ìdọ̀tí nù, ń pín tiwọn sí ìsọ̀rí tó ju 40 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ìlú kan kó lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ tún ẹ̀kọ́ náà kọ́.

Ike omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú ìdérí rẹ̀, ẹ ya ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ sí kúrò lára rẹ̀, ẹ fi omi ṣan inú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ìdérí àti ike tẹ́ẹ́rẹ́ náà á lọ sínú ìsọ̀rí ike, bí ìlú yín bá ní in. Páálí mílíìkì: ẹ ṣan án, ẹ fi sísọ́ọ̀sì là á, ẹ sá a gbẹ, ẹ sì fi okùn dì wọ́n pọ̀. Ìwé ìròyìn àti páálí ẹrù náà, okùn ni wọ́n ń fi dì wọ́n. Abọ́ oníke tí òróró ti mu, tí fífọ̀ kò ràn, inú èyí tó ń jóná ló ń lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀bẹ àti ìgò tó fọ́: ẹ fi bébà tó nípọn wé e, kí ẹ kọ キケン sára rẹ̀, ìyẹn ni pé ó léwu, kó má bàa gé ẹni tó ń kó o lọ́wọ́. Ní ti bátìrì tó ń gba iná, irú èyí tó wà nínú fóònù, ẹ má jù ú sínú ọ̀rá rárá. Nígbà tí ọkọ̀ pàǹtírí bá ń fún ẹrù pọ̀, bátìrì á fọ́, iná á sọ.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń kó o ni gbèdéke ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹ má gbé e síta lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ń yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ẹ má sì gbé e kalẹ̀ lásán: àwọ̀n kan wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti ọ̀rá bọ̀, kí ẹ fa etí rẹ̀ bò ó. Ẹyẹ kannakánná ilẹ̀ Jàpáánì tóbi, wọ́n sì gbọ́n. Ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fi ń tú ọ̀rá oúnjẹ ká sójú títì. Bí ẹ bá ṣì í pín, wọ́n á lẹ sítíkà mọ́ ọ̀rá náà, wọ́n á sì fi sílẹ̀. Ẹ gbé e padà wọlé, ẹ tún un pín. Ẹni tó rò pé wọn ò ní mọ̀ pé tòun ni ń tan ara rẹ̀ jẹ, torí àpò ìwé tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára rẹ̀ wà nínú ọ̀rá yẹn.

Ẹrù ńlá nílò àdéhùn. Ní gbùngbùn Tokyo, ohun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ ti wọ ìsọ̀rí yìí. Ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sọ ọjọ́ àti iye fún yín, ẹ ó ra sítíkà ní konbini, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà káàkiri, ẹ ó kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà yín sára rẹ̀, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrù, kí ẹ tó gbé e síta lọ́jọ́ àdéhùn. Ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín lè jìn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí náà ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ amúlétutù kò sí lára èyí tí ìlú ń kó. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001 sọ pé oní-nǹkan ni yóò sanwó títún un lò.

Lójú pópó, ẹ lè rìn títí láì rí agbọ̀n ìdọ̀tí. Ìkọlù gáàsì olóró sarin tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Tokyo ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta 1995 wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ kúrò. Agbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu, ìgò àti agolo nìkan ló wà fún. Ẹ máa mú ọ̀rá kékeré sínú báàgì, kí ẹ kó tiyín lọ sílé.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń ya àlejò lẹ́nu: èrò kún fọ́fọ́, ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n ti fi ọ̀dà sàmì sí ilẹ̀ níbi tí ilẹ̀kùn máa wà. Ẹ tò sẹ́yìn àmì náà, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí àwọn tó ń sọ̀ lè kọjá, kí ẹ tó wọlé. Báàgì ẹ̀yìn, ẹ gbé e sí àyà tàbí sórí pẹpẹ òkè. Ẹ pa ohùn fóònù. Bí ìpè bá wọlé, ẹ má gbé e. Tó bá jẹ́ ọ̀ràn kánjúkánjú, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó tó kàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó àwọn arúgbó, aláboyún àti aláìsàn, òfin àtijọ́ ni pé kí wọ́n pa fóònù pátápátá nítorí àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń ti ọkàn lẹ́yìn. Láti 2015 ní agbègbè Tokyo, ìgbà tí èrò bá há mọ́ra nìkan ni. Kọ́ọ̀ṣì tó ní sítíkà aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, ti àwọn obìnrin ni láwọn wákàtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àwọn ọmọdékùnrin kéékèèké àti àwọn abirùn lè wọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó ṣèèṣì wọ̀ ọ́ kì í rí ẹni lé e jáde, ojú ni wọ́n á máa fi wò ó.

Nínú Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin asáré, ẹ lè jẹun, ẹ sì lè gba ìpè ní àlàfo tó wà láàárín kọ́ọ̀ṣì méjì. Ẹrù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Lójú ọ̀nà Tokaido, tó so Tokyo pọ̀ mọ́ Osaka, láti oṣù karùn-ún 2020, báàgì tí àròpọ̀ gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ tí kò sì kọjá 250 gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tó ní àyè ẹrù. Ọ̀fẹ́ ni bí ẹ bá ti béèrè nígbà tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbàgbé, ẹ san 1,000 yen.

Lórí àtẹ̀gùn oníná tó ń gbé ènìyàn lọ, apá òsì ni wọ́n ń dúró sí ní Tokyo, apá ọ̀tún ní Osaka, kí ẹni tó ń kánjú lè gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Saitama ti ṣòfin láti oṣù kẹwàá 2021 pé kí gbogbo ènìyàn dúró jẹ́ẹ́, Nagoya sì ṣe tirẹ̀ ní 2023. Kò sí owó ìtanràn níbẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń sáré gùn ún.

Nínú ilé, ibi tí ilẹ̀ ti ga sókè díẹ̀ lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ni ààlà bàtà. Ẹ bọ́ ọ síbẹ̀, ẹ kọ orí rẹ̀ sí ìta. Sílípáàsì ò gbọdọ̀ tẹ ẹní tatami, èyí tó wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jáde níbẹ̀. Kò sí àlejò tí kò tíì gbàgbé èyí rí. Ní ilé oúnjẹ, ẹ dúró kí wọ́n mú yín lọ síbi tí ẹ máa jókòó. Inú àwo kékeré ni kí ẹ fi owó sí, kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé owó. Ẹ má fún agbáwo ní owó lé; ó lè sáré tẹ̀ lé yín láti dá a padà. Ní ilé ọtí, abọ́ oúnjẹ kékeré tí ẹ ò béèrè máa dé, 300 sí 500 yen á sì wà lórí rẹ̀ nínú ìwé owó. Ẹ má jà, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Owó ìjókòó ni. Ẹ má gbé igi ìjẹun dúró ṣánṣán sínú ìrẹsì, ẹ má sì fi igi gba oúnjẹ lórí igi ẹlòmíràn. Oúnjẹ òkú ni wọ́n ń gbé igi dúró sí bẹ́ẹ̀, egungun òkú tí wọ́n ti sun ni ẹbí sì ń fi igi gba lọ́wọ́ ara wọn.

Kẹ̀kẹ́ ti di ọ̀rọ̀ owó báyìí: láti oṣù kẹrin 2026, ẹni tó bá ti pé ọdún 16 tó ń lo fóònù lórí kẹ̀kẹ́ máa san 12,000 yen. Sìgá lójú títì náà ń ná ni lówó. Àdúgbò Chiyoda ní Tokyo ti ń gba 2,000 yen láti 2002.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ kọ́ láti gbọ́ “rárá” tí wọn ò sọ jáde. “Chotto…”, ìyẹn “díẹ̀…”, tí ohùn rẹ̀ fà lọ láìparí, rárá ni. “A máa gbé e yẹ̀ wò” láti ẹnu ọ̀gá ibi iṣẹ́, rárá ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ tún máa kíyè sí i pé nínú ọkọ̀ tó kún, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ yín lè ṣófo títí dé ìparí ọ̀nà. Àwọn kan ń ṣe é nítorí ìbẹ̀rù pé ẹ ó bá àwọn sọ èdè tí àwọn ò gbọ́, àwọn kan ń ṣe é nítorí ẹ̀tanú, kò sì sí bí ẹ ṣe máa mọ èwo ni. Ó ń dun ni. Ẹ má fi ìwà tiyín wá ìdí rẹ̀.

Ní àwọn àdúgbò tí ará ilé fúnra wọn ń tọ́jú ibi pàǹtírí, ẹ lè ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan kí ẹ bá pátákó kékeré kan tí wọ́n fi kọ́ ilẹ̀kùn yín. Ọ̀sẹ̀ yín ló kàn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kó ìdọ̀tí lọ, ẹ gbá ibẹ̀, ẹ bu omi sí i bó bá ń rùn, ẹ ká àwọ̀n náà pa dà sí àyè rẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ fi pátákó náà kọ́ ilẹ̀kùn ilé tó kàn. Kò sí pé ẹ ń kan ilẹ̀kùn.