Síìmù tí mo fi ń rìn láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́

Ọdún kẹrin rèé tí inú ọkọ̀ ti di ilé mi. Mo ń kó àgbọn láti Àgbádárìgì lọ sí Ìkòròdú, mo sì ń gba Ẹ̀pẹ́ kó ẹja bọ̀. Mo tẹ́ pákó àti fóòmù sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ibi tílẹ̀ bá ṣú mi sí ni mo ń sùn. Ẹni tó bá ń gbé báyìí, fóònù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Síìmù kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ ní, torí pé dátà rẹ̀ pọ̀, ó sì ń mú dáadáa nílé wa n'Ìkòròdú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sùn sí abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Oníbàárà mi pè títí, kò wọlé. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti ra ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Apẹ̀rẹ̀ méjì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dùn mí gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá kan tó ń dín àkàrà rí mi tí mo ń na fóònù sókè kiri. Ó ní, "Ọmọ mi, gbé e wá." Ó jù ú sínú ife ike kan tó fi okùn so mọ́ fèrésé rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì àná fi ń wọlé tẹ̀léra tẹ̀léra. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí lẹ̀yin náà ń lò?" Ó ní rárá, tòun ń mú níbi gbogbo lábúlé náà, àwọn àlejò bíi tèmi ni ife yẹn wà fún.

Látìgbà yẹn, mi ò béèrè nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ń mú lọ́wọ́ ẹni tó ń ta síìmù mọ́. Àwọn tó ń gbé ibi tí mo fẹ́ sùn ni mò ń bi, pàápàá oní-POS, torí bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ, ọjà tiẹ̀ dúró nìyẹn.

Ẹ ní síìmù méjì, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, torí ibi tí ọ̀kan ò bá ti mú, èkejì ò ní mú. Mo mọ̀ pé owó ìpè àti dátà ti lọ sókè láti 2025, síbẹ̀ ẹ fi kírẹ́dìtì díẹ̀ sórí èkejì. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà tí báǹkì mọ̀ ló wà lórí èyí tí kì í mú, ẹ má jù ú nù. Láti 2013 la ti lè gbé nọ́ńbà wa lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn láìpààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ, torí kì í ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ lè tún kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ló gba ìṣọ́ra jù. Bẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ bọ́ọ̀dà, fóònù lè ṣàdédé lọ mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Kútọnu, kó sì máa jẹ owó yín bíi pé ẹ ti rìnrìn-àjò lọ sókè òkun. Mo ti fojú ara mi rí i, mi ò tíì kúrò ní Nàìjíríà rárá. Kí n tó dé Gbaji báyìí, mo ti pa roaming, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí fóònù lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilẹ̀ mìíràn, mo sì ti fọwọ́ ara mi yan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní oníbàárà ní Kútọnu, bí nọ́ńbà wọn àtijọ́ ò bá lọ mọ́, ẹ fi 01 sí i lẹ́yìn +229. Láti ìparí oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà fóònù wọn ti di oní-díjíìtì mẹ́wàá.