Ọdún tí àdúrà gbẹ lẹ́nu mi

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo ṣe lóṣù kẹjọ ọdún yìí, mi ò rántí. Mo ránṣọ, ìyẹn dájú, torí ìwé owó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù fi hàn pé mo gbowó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Oṣù keje ńkọ́? Òjò rọ̀. Gbogbo ọdún 2026 ló wọnú oṣù kẹta lọ, tí kò jáde mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ bá mi ṣọ̀fọ̀ àbúrò mi obìnrin, ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ pè mí títí, mi ò gbé fóònù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúwa ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín.

Ayọ̀ ni oṣù náà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí bí mo ṣe ń ka ọjọ́ láti ọdún tó kọjá, tí mò ń retí Ọjọ́ Àdúrà Àgbáyé. Láti 1927 ni àwọn obìnrin Kristẹni ti ń pàdé fún àdúrà yìí kárí ayé, ní Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta. Àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè kan ló máa ń kọ ìsìn tí gbogbo àwọn tó kù yóò lò lọ́dún náà. Lọ́dún yìí, àwa obìnrin Nàìjíríà ló kàn. Ní Ọjọ́ Ẹtì 6 oṣù kẹta, àdúrà tí àwọn ìyá wa kọ ni wọ́n gbà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. Mátíù orí 11 ni wọ́n gbé e lé: “Ẹ wá sọ́dọ̀ mi gbogbo ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́, tí a sì di ẹrù wúwo lé lórí, èmi ó sì fi ìsinmi fún yín.” Obìnrin tó bá ti ru igbá rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wọni lára.

Ọjà Ìtòkú la ti ra àdìrẹ tí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wọ̀. Èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi la rán gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi ti Ìkòròdú wá sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú oyún tó ti dàgbà, ó ní òun ò ní gbọ́ ìròyìn ọjọ́ náà lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ẹ̀gbẹ́ bùbá rẹ̀ kí ikùn tó gbà. Òun ló ka Bíbélì lọ́jọ́ náà, ọwọ́ kan ní ìdí. Ó kà dé “ẹrù wúwo”, ó dúró díẹ̀, ó wo ikùn ara rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 17, ó bí obìnrin. Ọmọ ké, ara ọmọ le. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ni kò dá. Àpò kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ nínú irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fà á sí i lára, wọ́n ní ká wá sí i. Bàbá ọmọ fò sórí ọ̀kadà. Nígbà tó máa fi padà dé, ó di àpò ẹ̀jẹ̀ mú mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Bùbá yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, òwú aró ni mo lò, ojú rírán ò hàn rárá.

Látọjọ́ náà ni àdúrà ti gbẹ lẹ́nu mi. Mi ò kọ Jésù sílẹ̀. Mo ń kúnlẹ̀, mi ò kàn rí nǹkan sọ ni. Inú ń bí mi sí Ọlọ́run, mo sì mọ̀ pé Ó mọ̀. Èmi tí mo máa ń darí àdúrà ìdájí Ọjọ́rú, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Obìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi ìsìnkú, ó ní bóyá a ò gbàdúrà tó ni. Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Màá dá a lóhùn níhìn-ín: a gbàdúrà. A gbààwẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa abiyamọ jù láyé, láàárín wákàtí díẹ̀ sì ni. Ó ń pa ìyàwó olùṣọ́ àgùntàn, ó ń pa ẹni tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn wọ ilé ọ̀fọ̀ láéláé. Ó ń ṣá ẹni tó ti fara gbọgbẹ́ lọ́gbẹ́ ni.

Ọjọ́rú kejì lẹ́yìn ìsìnkú, aago márùn-ún ìdájí, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ìjọ ni, àwọn mẹ́fà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní mi ò wá sípàdé, ìpàdé wá bá mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbàdúrà. Ìyá Ìbejì gba ẹ̀yìnkùlé lọ, wọ́n dáná omi ìwẹ̀. Ìyá Aláta gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní aṣọ ọdún Àjíǹde táwọn èèyàn gbé wá, kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀. Ìyá Ìjọ jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ àbúrò mi sí i. Wọ́n bomi, wọ́n fi kànrìnkàn ra orí rẹ̀, wọ́n na apá rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n na tòsì, wọ́n fi ọwọ́ tó móoru tẹ ìwọ́ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yìí ètè wọn ń mì, mi ò sì gbọ́ ohùn. Mo wò wọ́n títí kó tó yé mi pé àdúrà tí mi ò rí gbà ni wọ́n ń bá mi gbà.

Ètè Hánà, ìyá Sámúẹ́lì, náà mì báyìí ní Ṣílò nígbà tó ń gbàdúrà, tí Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí.

Ìlú wa yìí náà ní Hánà tirẹ̀. Áfàlá, ìyá Àjàyí Crowther. Wọ́n kó tìyá-tọmọ lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tú wọn ká. Nǹkan bí ọdún 25 ni kò fi fojú kan ọmọ náà. Ní 21 oṣù kẹjọ 1846, wọ́n tún ríra, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì mú ìyá wá bá ọmọ. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ò lè sọ púpọ̀, àwọn kàn jókòó, àwọn ń wo ara àwọn. Nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá náà ní 5 oṣù kejì 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìtàn yìí, ọdún yìí ni jíjókòó ìyá yẹn tó bá mi sọ̀rọ̀.

Ìparí oṣù kẹrin ni Ìyá Ìjọ dìde nípàdé, wọ́n ní, “A ti fẹnu gbà á, ó ku èyí tí a ó fi ara gbà. Ta ló mọ irú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ níbí?” Gbogbo wa la mọ AA àti AS, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Irú ẹ̀jẹ̀ gan-an, bóyá A, B, AB tàbí O, nínú àwa 19, mẹ́rin ló mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé 13 oṣù kẹfà, tó ku ọ̀la kó jẹ́ ọjọ́ àwọn olùfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ lágbàáyé, a lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Alhaja tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti gbọ́, wọ́n bá wa lọ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn méjì. A ò pè wọ́n, wọ́n ní àwọn rí bí ẹgbẹ́ ṣe ń wá sílé mi ní ìdájí. Ìyá Ìbejì ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, orin ni wọ́n kọ títí wọ́n fi yọ ọ́. Àpò kan kò ju nǹkan bíi 450 mílílítà lọ. Nínú fíríìjì tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí, ó lè lo ọjọ́ 35. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, obìnrin tó lera lè padà wá. Ìyá Ìjọ ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń ti orí bẹ́ẹ̀dì kan bọ́ sí èkejì, wọ́n ń di ọwọ́ kálukú mú.

Wọ́n gún ìka mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, kí n lọ jẹun. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà ju ti ìsìnkú lọ.

Mo jẹun. Ẹ̀fọ́, ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà, oògùn tí wọ́n kọ fún mi. Ní 17 oṣù kẹwàá mo padà lọ, ó tó. Mo dùbúlẹ̀, mò ń wo okùn náà bó ṣe ń pọ́n bọ̀ láti apá mi, mo ronú pé obìnrin kan wà níbì kan tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ń súnmọ́, tí mi ò mọ̀, tí kò mọ̀ mí. Ẹnu mi là. Mo ní, “Olúwa, jẹ́ kó dé bá a lásìkò.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹta, òun ni àkọ́kọ́.

Ọmọ ti yọ eyín méjì nísàlẹ̀. Ó máa ń fa òwú lẹ́nu màṣíìnì mi. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, yóò bá wa lọ sí àdúrà 5 oṣù kẹta 2027. Ohun tí mò ń retí lọ́dún tuntun kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rù ṣì ń bà mí láti béèrè púpọ̀.

Ìyá Ìbejì ló ń darí àdúrà Ọjọ́rú báyìí, mi ò tíì gbà á padà. Ọjọ́rú àkọ́kọ́, 6 oṣù kìíní, ṣọ́ọ̀bù mi la ó ti pàdé, aago márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, ẹ bọ̀. Tí ẹ bá mọ obìnrin tí ẹnu rẹ̀ ti gbẹ bíi tèmi, ẹ mú un dání, àga wà, kò ní sọ nǹkan kan. Kẹ́ ẹ sì lọ yẹ irú ẹ̀jẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó wá.