Stóòrù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ má kó tọ́ì yín síbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó tọ́ì jọ bíi tèmi, mo mọ̀ pé ilé ti kún. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kún, orí wọ́díróòbù kún, àwọn ará ilé sì ti ń béèrè pé ìgbà wo lẹ máa kó wọn kúrò. Ohun tó gbé èmi náà dé ilé ìkẹ́rùsí kan l'Ékòó nìyẹn. Mo san owó ọdún kan sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé àdéhùn pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹrù mi máa wà. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ní bóyá mi ò wádìí. Mo wádìí, mo ka ìwé, mo gba rìsíìtì.

Kọ́kọ́rọ́ ni wọn ò fún mi. Wọ́n ní òfin ibẹ̀ ni. Bí mo bá ní mo fẹ́ wá wo ẹrù mi, mánẹ́jà ò sí nílé. Bí mánẹ́jà bá wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rìnrìn àjò. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sóhun tó ṣe é." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí títí òjò oṣù keje fi rọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, ìsàlẹ̀ ni mo bá ẹrù mi. Wọ́n ti kó o sọ̀ kalẹ̀ láì sọ fún mi, wọ́n ti fi àyè òkè fún ẹnìkan tó ń ta táìlì. Orí sìmẹ́ǹtì lásán ni wọ́n tò ó sí, wọ́n da tapólì bò ó, wọ́n fi okùn dì í gírígírí. Ọ̀rinrin ń ti ilẹ̀ wá, kò ríbi gbà jáde. Bí ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣe tú okùn, òórùn lé mi sẹ́yìn. Àwọn páálí ìsàlẹ̀ rọ̀ bí àmàlà. Mo fa ọkọ̀ ìṣeré Hot Wheels kan jáde tí mi ò já kúrò lára káádì rẹ̀ rí: káádì ti wú, ike tó bo ọkọ̀ ti ṣí, irin tó so táyà pọ̀ ti dípẹtà. Mo ṣì ń mú un mọ́ra nígbà náà.

Bèbí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí n jókòó sílẹ̀. Barbie dúdú ọdún 1980 ni, àkọ́kọ́ tí Mattel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Barbie, fún ní orúkọ Barbie fúnra rẹ̀ láàárín àwọn bèbí adúláwọ̀ tí wọ́n ṣe. Àǹtí mi ló rà á fún mi ní London, olóògbé ni wọ́n báyìí. Irun kékeré orí rẹ̀ ti bu, funfun bò ó láti iwájú dé ìpàkọ́. Eku ti jẹ etí aṣọ pupa rẹ̀, ó sì ti fi ìdọ̀tí sínú páálí náà. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sunkún níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mánẹ́jà ní, "Mọ́mì, ṣebí tọ́ì ni." Tọ́ì ni lóòótọ́. Owó tí mo san kì í ṣe owó tọ́ì.

Àwọn Lego, ike kéékèèké tí à ń tò mọ́ra, yè, a fi omi àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, a sá wọn síbi òjìji. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní yàrá kan lókè ilé wọn n'Íbàdàn, ibẹ̀ ni ìyókù wà báyìí.

Ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Kí àgádágodo tí ẹ fi ti ilẹ̀kùn jẹ́ èyí tí ẹ fi owó yín rà. Bí wọ́n bá ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè kí ẹ tó wo ẹrù yín, ẹ kó owó yín, ẹ máa lọ.

Ẹ gbé ẹrù kúrò nílẹ̀, sórí pẹpẹ irin, kó sì jìnnà sí ògiri. Ike onídèérí ni kí ẹ lò, kì í ṣe páálí. Ẹ má tò ó sí abẹ́ páànù: ooru máa ń mú kí ara bèbí yọ́ kó sì máa lẹ̀. Ẹ má fi ìwé ìròyìn wé bèbí, tàdáwà rẹ̀ á wọ ara wọn. Ẹ sì máa yọjú síbẹ̀ lásìkò òjò, èyí tí ẹ ò lè ṣe bí kọ́kọ́rọ́ ò bá sí lọ́wọ́ yín, mo tún wí i.

Káńfọ̀ tí gbogbo wa ń jù sáàárín aṣọ, ẹ má jù ú sáàárín tọ́ì. Ó máa ń jẹ àwọn ike kan títí wọ́n á fi rọ̀. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú gbogbo ohun tó ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń rìn, kódà bí ó bá tuntun. Àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, tí wọ́n máa ń fi sínú bàtà tuntun, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ jù wọ́n sínú ike kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dé e.